Bónọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́ tuntun: èwo ni owó-orí gbọ́dọ̀ mú, èwo ni kò yẹ kó mú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ ni mí tẹ́lẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan nílùú Oǹdó. ₦65,000 ni wọ́n ń san fún mi lóṣù, wọn kì í sì í yọ owó-orí kankan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún yìí ni mo bọ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Àkúrẹ́, ₦250,000 lóṣù. Wọ́n ń yọ ₦16,000 fún owó ìfẹ̀yìntì àti ₦25,100 fún owó-orí. Ní oṣù keje, nígbà tí wọ́n fi ìdí mi múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n fún mi ní bónọ́ọ̀sì ₦400,000, ṣùgbọ́n owó-orí oṣù náà fò sókè sí ₦96,620. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ní owó-orí bónọ́ọ̀sì yàtọ̀ sí ti owó-oṣù. Ẹlòmíràn ní ẹ̀bùn ni, kò yẹ kí wọ́n yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Ìjòkà ní Àkúrẹ́ níbí ni mo ń gbé, ₦400,000 ni mo sì san fún owó ilé ọdún yìí. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni òótọ́?

Ìdáhùn: Mo kí yín kú oríire iṣẹ́ tuntun. Mo tún dúpẹ́ pé ẹ kọ iye owó kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe wà lórí ìwé owó-oṣù yín, nítorí pé ẹni tí ó bá ní wọ́n yọ owó òun jù láìsọ iye rẹ̀ kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní ohun tí ó lè dì mú láti fi ràn án lọ́wọ́.

Nínú àwọn méjèèjì tí wọ́n bá yín sọ̀rọ̀, kò sí èyí tí ó tọ̀nà. Owó-orí wà lórí bónọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò sí owó-orí kan lọ́tọ̀ tí a ń pè ní ti bónọ́ọ̀sì. Síbẹ̀, ọkàn yín kò tàn yín jẹ. Ohun tí wọ́n yọ lóṣù keje ju èyí tí ó yẹ lọ, bí wọ́n bá sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kejìlá, ₦24,270 ni wọn yóò ti gbà lé e lọ́wọ́ yín. Owó náà kò tíì sọnù, a sì lè tún un ṣe kí ọdún tó parí, bí ẹ bá tètè gbé ìgbésẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn kúrò lọ́nà. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá fún yín ní ₦400,000 láti fi kó ẹrù wá sí Àkúrẹ́, ẹ̀bùn ni, kò sì kan owó-orí tí wọ́n ń yọ níbi iṣẹ́ yín. Owó tí agbanisíṣẹ́ bá fún òṣìṣẹ́ nítorí iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún un kì í ṣe irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀, yálà wọ́n pè é ní owó ìmọrírì, owó ìkíni-káàbọ̀, owó oṣù kẹtàlá tàbí owó ọdún. Òfin owó-orí tí a lò títí di ìparí ọdún 2025 dárúkọ bónọ́ọ̀sì pẹ̀lú owó-oṣù àti owó àjẹmọ́nú nínú ohun tí ènìyàn ń rí láti inú iṣẹ́ rẹ̀, òfin tuntun kò sì yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe lọ bá ilé-iṣẹ́ yín jà pé ẹ̀bùn ni. Ẹ ó pàdánù ẹjọ́ yẹn, wọn kò sì ní fẹ́ fetí sí èyí tí ẹ ní ẹ̀tọ́ sí ní tòótọ́.

Òfin tuntun tí mo ń wí ni èyí tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin nínú rẹ̀ ni pé ọdún ni òfin ń wò, kì í ṣe oṣù. Oṣooṣù ni agbanisíṣẹ́ ń yọ owó-orí kí ó má baà wọ òṣìṣẹ́ lọ́rùn lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n àsansílẹ̀ ni gbogbo ohun tí ó ń yọ jẹ́, lórí gbèsè kan ṣoṣo tí a kò lè mọ iye rẹ̀ dájú àfi ìgbà tí a bá kó gbogbo owó ọdún náà jọ. Lẹ́yìn tí a bá ti yọ àwọn owó tí òfin fàyè gbà, irú bí owó ìfẹ̀yìntì àti ìdẹ̀kùn owó ilé (ìyẹn apá kan owó ilé tí a kì í gba owó-orí lé lórí), ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú ohun tí ó kù fún ọdún kò ní owó-orí rárá. ₦2,200,000 tí ó tẹ̀lé e ń san náírà 15 lórí ọgọ́rùn-ún náírà. ₦9,000,000 tí ó tún tẹ̀lé ìyẹn ń san náírà 18 lórí ọgọ́rùn-ún. Ìpele mìíràn wà lókè, títí dé náírà 25 lórí ọgọ́rùn-ún fún ohun tí ó bá kọjá mílíọ̀nù àádọ́ta náírà, ṣùgbọ́n àwọn ìyẹn kò tíì kàn yín.

Ẹ fojú inú wo ẹni tí ó ń wọn gàrí ní Ọjà Ọba, tí ó to kóńgò kalẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ. Bí kóńgò àkọ́kọ́ bá kún, ohun tí ó kù nínú àpò ni yóò dà sínú èkejì. Kò sí ẹni tí í da ti àkọ́kọ́ nù nítorí pé èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ni ìpele owó-orí rí. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni mo ti gbọ́ tí wọ́n ń bẹ̀rù pé bí bónọ́ọ̀sì bá gbé àwọn wọ ìpele tí ó ga, gbogbo owó-oṣù àwọn ni yóò bá a lọ síbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀nba owó tí ó bọ́ sínú ìpele náà nìkan ni ó ń san iye tí ìpele náà ń gbà.

Ibí yìí náà ni ìdí wà tí bónọ́ọ̀sì fi máa ń dà bí ohun tí a fìyà jẹ. Owó-oṣù yín ni ó kọ́kọ́ wọ inú kóńgò tí kò ní owó-orí, òun ni ó sì kún un. Nígbà tí bónọ́ọ̀sì dé, àyè kò sí níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, láti náírà àkọ́kọ́ ni bónọ́ọ̀sì ti ń san 15 lórí ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ₦25,100 tí wọ́n ń yọ nínú ₦250,000 kò ju bí náírà 10 lórí ọgọ́rùn-ún lọ. Bí wọ́n bá yọ ₦60,000 nínú ₦400,000 yín, ohun tí òfin béèrè nìyẹn, n kò sì ní rí ohun kan wí sí i. Ṣùgbọ́n ₦96,620 ẹ yọ ₦25,100 kúrò jẹ́ ₦71,520, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18 lórí ọgọ́rùn-ún. Níbo ni ó ti wá?

Mo jókòó ti ìṣirò náà, mo sì rí ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀. Fún oṣù tí kò ní bónọ́ọ̀sì, wọ́n sọ ₦250,000 di ìlọ́po méjìlá, ó jẹ́ ₦3,000,000. Wọ́n yọ owó ìfẹ̀yìntì ọdún kan, ₦192,000, ó ku ₦2,808,000. Wọ́n yọ ₦800,000 tí kò ní owó-orí, ó ku ₦2,008,000. Náírà 15 lórí ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦301,200, tí a bá sì pín in sí ọ̀nà méjìlá, ₦25,100 ni. Títí dé ibí yìí, ọ̀nà náà dára fún ẹni tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kan náà láti oṣù kìíní, tí owó rẹ̀ kì í yí padà.

Ní oṣù keje, ọ̀nà yẹn kan náà ni wọ́n gbà, wọ́n sì ṣe bí ẹni pé gbogbo oṣù nínú ọdún ni yóò ní bónọ́ọ̀sì ₦400,000 nínú. ₦650,000 lọ́nà méjìlá di ₦7,800,000. Wọ́n yọ ₦192,000, ó ku ₦7,608,000. Lẹ́yìn ₦800,000 tí kò ní owó-orí, èyí kún ìpele kejì, ìyẹn ₦2,200,000 tí owó-orí rẹ̀ jẹ́ ₦330,000, ₦4,608,000 sì ya wọ ìpele kẹta, níbi tí ó ti fa ₦829,440. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦1,159,440. Ẹ pín in sí méjìlá: ₦96,620. Iye tí ẹ kọ sí mi gan-an nìyí, kọ́bọ̀ kan kò yàtọ̀. Wọ́n ṣírò owó-orí yín bí ti ẹni tí ó ń gba ₦7,800,000 lọ́dún, nígbà tí gbogbo ohun tí yóò wọlé fún yín lọ́dún yìí kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta.

Mo mọ àṣìṣe yìí nítorí pé èmi náà ti ṣe é rí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nígbà tí mo ń bójú tó owó-oṣù ní ilé-iṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ yìí, díráfà kan tí kò tíì pé ọdún kan lọ́dọ̀ wa kó ìwé owó-oṣù mẹ́ta wá bá mi lẹ́yìn tí a san owó ọdún. Ó ti fi báìrò pupa fa ìlà sábẹ́ owó-orí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo dá a lóhùn pé kọ̀ǹpútà ló ṣe é, kọ̀ǹpútà kì í sì í ṣì í. Ó kí mi, ó sì lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi ọwọ́ ara mi tún un ṣírò, mo sì rí i pé òótọ́ ni díráfà náà ń sọ. Kọ̀ǹpútà kò ṣì í, àmọ́ oṣù kan ṣoṣo ni a ní kó wò, oṣù kan náà ni ó sì wò. A dá owó rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí pé ọkùnrin náà ti fẹ̀yìn sí mi kí n tó yẹ iṣẹ́ ara mi wò. Láti ìgbà náà, bí òṣìṣẹ́ bá ní owó-orí òun kò yé òun, bébà àti báìrò ni mo kọ́kọ́ ń mú.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ọdún yín bó ṣe rí gan-an. Láti oṣù kìíní títí dé oṣù kẹta, ilé-ẹ̀kọ́ san ₦195,000 fún yín. Pé wọn kò yọ owó-orí níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nítorí pé ₦65,000 lọ́nà méjìlá jẹ́ ₦780,000, kò tó ₦800,000. Láti oṣù kẹrin dé oṣù kejìlá, oṣù mẹ́sàn-án, ₦250,000 yóò di ₦2,250,000. Bónọ́ọ̀sì ₦400,000. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ ₦2,845,000. Owó ìfẹ̀yìntì oṣù mẹ́sàn-án jẹ́ ₦144,000, ìdẹ̀kùn owó ilé tí mo ń bọ̀ wá sọ jẹ́ ₦80,000. Ẹ yọ méjèèjì, ó ku ₦2,621,000. Ẹ yọ ₦800,000, ó ku ₦1,821,000, kò sì dé ìpele kẹta rárá. Náírà 15 lórí ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦273,150. Gbogbo owó-orí tí ẹ jẹ lọ́dún yìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń yọ ₦25,100 fún oṣù mẹ́jọ, tí a sì fi ₦96,620 ti oṣù keje kún un, ₦297,420 ni. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ₦24,270 tí mo dárúkọ níbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ilé fẹ́ àlàyé díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pàdánù láìmọ̀. Lábẹ́ òfin àtijọ́, òṣìṣẹ́ kì í ṣe ohunkóhun kí ìdẹ̀kùn tó kàn án. Ìdá kan nínú márùn-ún owó rẹ̀, pẹ̀lú ₦200,000 ó kéré tán, ni wọ́n ń yọ sápá kan fúnra wọn kí wọ́n tó ṣírò owó-orí. Òfin tuntun ti pa ìyẹn rẹ́. Ohun tí ó fi rọ́pò rẹ̀ ni ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí ènìyàn san lọ́dún, tí kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ, agbanisíṣẹ́ kò sì lè fún yín ní ìdẹ̀kùn yìí bí kò bá mọ iye tí ẹ san. Nínú ₦25,100 yín, mo rí i kedere pé ẹ kò tíì mú ìwé owó ilé yín lọ. Ìdá 20 nínú ₦400,000 jẹ́ ₦80,000, ó sì ń dín owó-orí ọdún kù ní ₦12,000. Owó ilé gan-an ni kí ẹ kọ. Ẹ má ṣe da owó èjẹ́ńtì àti owó àdéhùn pọ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ bébà pélébé kan ni onílé fi lé yín lọ́wọ́, ẹ padà lọ bá a kí ó kọ orúkọ yín, àdírẹ́sì ilé, iye owó àti ọdún tí ó wà fún sí orí rẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i.

Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, kò sí àṣìṣe. ₦16,000 fi hàn pé wọ́n ń yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ₦200,000, ìyẹn owó-oṣù gangan, owó ilé gbígbé àti owó ọkọ̀ tí a pa pọ̀, òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 sì ní kò gbọ́dọ̀ kéré sí ìyẹn. Bónọ́ọ̀sì kì í sábà wà nínú rẹ̀, àfi bí àdéhùn iṣẹ́ yín bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo lẹ́tà bónọ́ọ̀sì náà dáadáa: bí ó bá sọ pé ₦400,000 ni yóò dé ọwọ́ yín lẹ́yìn owó-orí, a jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ni yóò ru owó-orí rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ti yí padà nìyẹn.

Bí wọ́n bá tún fún yín ní irú bónọ́ọ̀sì yìí lọ́dún tí ń bọ̀, ẹ má retí ₦60,000. Nígbà náà, oṣù méjìlá ni owó-oṣù yóò jẹ́. Bí owó ilé àti owó ìfẹ̀yìntì kò bá yí padà, ₦128,000 nínú bónọ́ọ̀sì yóò wọ ìpele kẹta, owó-orí bónọ́ọ̀sì náà yóò sì jẹ́ ₦63,840. Ìyẹn yóò tọ̀nà.

Mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún àwọn tí ipò wọn yàtọ̀ sí tiyín, nítorí pé ìyípadà iṣẹ́ lè gbé wàhálà wá láti apá kejì. Ẹni tí ó ti ń san owó-orí níbi iṣẹ́ àtijọ́, tí ó sì ti lo ìdá kan nínú mẹ́rin ₦800,000 náà níbẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, lè bá ilé-iṣẹ́ tuntun pàdé tí yóò tún fún un ní gbogbo ₦800,000 ní odidi. Inú rẹ̀ yóò dùn sí owó-orí tí ó kéré, ṣùgbọ́n ₦200,000 ni a ti kà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì kéré tán yóò jẹ ₦30,000 tí ìjọba lè béèrè lẹ́yìn náà. Ọ̀nà kan náà ni ó yanjú méjèèjì: kí ẹ fi ìwé owó-oṣù iṣẹ́ àtijọ́ han iṣẹ́ tuntun láti ọjọ́ tí ẹ bá wọlé.

Nísinsìnyí, ẹ kó ìwé owó-oṣù mẹ́ta ti ilé-ẹ̀kọ́ (tàbí lẹ́tà tí ó sọ iye tí wọ́n san fún yín láti oṣù kìíní sí ìkẹta, bí wọn kì í bá fúnni ní ìwé), ìwé owó ilé, àti ìwé owó-oṣù yín láti oṣù kẹrin, kí ẹ lọ bá ẹni tí ó ń ṣírò owó-oṣù. Ẹ kọ lẹ́tà kékeré mọ́ ọn, ẹ má ṣe fi ẹnu nìkan sọ ọ́. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sùn. Ẹ kàn béèrè pé kí wọ́n ṣírò owó-orí yín lórí ohun tí ẹ ti gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí wọ́n má ṣe fi oṣù bónọ́ọ̀sì ṣe òṣùwọ̀n gbogbo ọdún. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò mọ ohun tí ẹ ń wí.

Bí wọ́n bá kọ̀, tàbí bí oṣù kejìlá bá kọjá kí wọ́n tó ṣe é, Ilé-iṣẹ́ Owó-orí Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí ó wà ní Àkúrẹ́ níbí ni ẹ ó lọ, nítorí pé ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ni owó-orí owó-oṣù rẹ̀ ń bọ́ sí, kì í ṣe Àbújá. (Ẹni tí ó ń sùn ní Ìkẹ́rẹ́, tí ó sì ń wọkọ̀ wá ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ lójoojúmọ́, Èkìtì ni tirẹ̀ ń lọ.) Òfin fún olúkúlùkù òṣìṣẹ́ títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀lé e láti kọ gbogbo ohun tí ó wọlé fún un àti owó-orí tí ó ti san sílẹ̀ ránṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ẹ ó ti béèrè owó tí ó lé. Ọ̀nà yìí gùn ju ti ilé-iṣẹ́ lọ, èmi yóò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Títí di ìparí oṣù keje, ₦171,920 ni wọ́n ti yọ lọ́wọ́ yín. Nínú ₦273,150 tí ẹ jẹ fún ọdún, ó ku ₦101,230, oṣù márùn-ún ni ó sì kù láti san án. Bí ìwé owó-oṣù kẹjọ bá dé ọwọ́ yín, tí ẹ sì rí ₦20,246 níbi tí ₦25,100 máa ń wà, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti ka lẹ́tà yín.